Ìgò Kẹta

Ìjọba méjì tí odò náà là láàárín ti jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé kò sí ẹni tí yóò yẹ omi tirẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Ará òdìkejì ni yóò wá bù ú. Bí omi apá kan bá burú lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, wọn yóò ti ilé iṣẹ́ tó ń da ìdọ̀tí sí i pa. Ti apá ìhín ti burú lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkùnrin tó ń bójú tó ibùdó àyẹ̀wò ní apá ìhín ní àbúrò kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ awọ tó wà létí odò. Inú ọgbà kan náà ni wọ́n ń gbé. Ìyàwó àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Onígò yẹn ń fi nǹkan sínú omi wa ni," àbúrò sọ. "Wọ́n fẹ́ kí awọ tiwọn nìkan máa tà. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ yẹn pa, kí ni mo fẹ́ fi tọ́mọ?"

"Fi ọkàn balẹ̀. Mò ń ṣọ́ ọ."

Ìyá Onígò ni wọ́n ń pe obìnrin tó máa ń wọkọ̀ ojú omi wá láti òdìkejì. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin náà gbé àga fún un. Obìnrin náà ní òun á dúró. Ọkùnrin náà bu omi mímu fún un. Obìnrin náà wo ife náà, ó ní òun ti mu omi kóun tó gbéra. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wí nígbà méjèèjì tó kọ́kọ́ wá. Ìfura lòògùn àgbà: ẹni tí kì í mu omi ẹni, kí ló ní lọ́kàn?

Obìnrin náà wọ ìbọ̀wọ́, ó bu omi odò sínú ìgò dúdú kan, ó dé e, ó sì gbé e sínú àpótí tó gbé wá. Ọkùnrin náà ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ìyá adìẹ ṣe ń wo àṣá. Obìnrin náà ti ọwọ́ bọ àpò.

"Kí lẹ fẹ́ mú níbẹ̀, mà?"

"Áńkáṣíìfù ni, sà. Òógùn ni mo fẹ́ nù." Ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Ó kù kí obìnrin náà fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n tó ti àpótí ìgò náà pa. Orí tábìlì ìta ni ìwé náà máa ń wà. Lọ́jọ́ yìí, ọkùnrin náà ní afẹ́fẹ́ pọ̀, inú ọ́fíìsì ló wà. Òfin ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti àpótí, òun ló sì dúró. Nígbà tí obìnrin náà jáde, wọ́n ti àpótí pa, ó sì wọkọ̀ padà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò kò lè jẹun. Ẹ̀gbọ́n jẹ àjẹtẹ́rùn.

"Jẹun, jàre. Kò ní sí nǹkan kan."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo mọ̀ ni."

Ọjọ́ kọkànlá ni èsì dé ibùdó. Àbúrò ti dúró síbẹ̀ láti àárọ̀, òun ló já a, òun ló sì kà á sókè. Ìgò kẹta ló burú jù. Májèlé tí wọ́n fi ń ṣe awọ tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ìgò kejì. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi omi yìí kan ẹnu.

"Ẹ ò rí i! Mo sọ fún yín!" Omi ti lé ròrò sójú àbúrò. "Kí ni obìnrin burúkú yẹn dà sí i?"

Ẹ̀rù ba ẹ̀gbọ́n débi pé ó wá ibi jókòó.

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ó wà nílé, ó ń rọ ọmọ lómi. Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ mi ni mò ń sọ!"

Nígbà tí obìnrin náà wọ ọ́fíìsì lọ fọwọ́ sí ìwé, ẹ̀gbọ́n ti yára da omi odò inú ìgò náà nù, ó sì fi èyí tó mọ́ jù lọ lójú tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, omi kànga ẹ̀yìnkùlé wọn, tí gbogbo ilé ń mu.