Ìlà Funfun Ara Wíìlì

Gọ́tà tí Bàbá jìn sí lójúmọmọ ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní bàtà ló yọ̀ lẹ́sẹ̀ òun. Àkọ́bí rẹ̀ kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n nígbà tó tún wá kí wọn, ó fa àga súnmọ́ ti bàbá rẹ̀, ó sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Bàbá, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Tí ojú yín ò bá ríran dáadáa mọ́, ẹ̀yin àti Màámi ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi nìyẹn. A máa ti ilé yìí pa."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ojú mi ò ríran?"

"Ẹni tó bá ríran ló ń tún táímì ọkọ̀ ṣe. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ tún ti ọkọ̀ yín ṣe lójú mi lọ́jọ́ Sátidé. Tó bá bọ́ sí i, mi ò ní sọ̀rọ̀ ilé mọ́."

Bàbá ní kò burú. Mẹkáníìkì lòun náà kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló sì kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó mọ ilé rẹ̀ bí ọwọ́ ṣe mọ ọ̀nà ẹnu. Nílé ọmọ, àlejò ni yóò jẹ́ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Òótọ́ sì ni pé ojú ti ń ṣe é. Ó ń rí ènìyàn, ó ń rí mọ́tò, àmọ́ ohun tó bá ti kéré, inú kùrukùru ló wà. Àmì tí wọ́n sì fi ń wo táímì kò ju ìlà funfun tín-ín-rín kan lọ, lára wíìlì tó ń yí níwájú ẹ́ńjìnnì. Tí wọ́n bá tan iná táímì sí i, iná náà á máa ṣẹ́jú, ìlà á sì dà bíi pé ó dúró sójú kan. Nọ́ńbà tó bá dúró sí, nínú àwọn tí wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíìlì, ni wọ́n ń wò, tí wọ́n á fi mọ bí wọ́n ṣe máa yí dísítíríbútọ̀, èyí tó ń pín iná fún àwọn pọ́lọ́ọ̀gì.

Nígbà tó ku òun àti ìyàwó rẹ̀, ó tú u palẹ̀.

"Ìyá wọn, mi ò rí ìlà yẹn mọ́ o."

"Ta ló ń bá yín tan iná látọjọ́ yìí?"

"Ìwọ ni."

"Èmi náà ni màá tún tàn án. Màá máa wo ìlà, màá máa sọ fún yín. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa yí i."

Ọkàn Bàbá balẹ̀. Ó ní àyànmọ́ ló fún òun nírú aya bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọn ò tíì jẹun tán tí ọmọ ti dé. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde, ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Ó ní fáànù bẹ́líìtì ti gbó, òun ti pààrọ̀ ẹ̀. Ó ní òun sì ti yí dísítíríbútọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, kí iṣẹ́ lè wà fún Bàbá. Ìyá ń bọ̀ lẹ́yìn, ọwọ́ kan lára ògiri. Orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu.

"Màámi, ẹ wọ ẹ̀wù yín sódì."

"Mo mọ̀. Ṣé ẹni tó ń lọ sídìí ọ́ìlì ló máa kọ ojú ẹ̀wù síta?"

Ọmọ ní òótọ́ ni.

"Ìyá ẹ á bá mi tan iná," ni Bàbá wí, bíi pé kò já mọ́ nǹkan.

"Kò sí wàhálà. Iṣẹ́ wọn ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín sínú. Ọmọ náà wọnú ọkọ̀, ó ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́ bí arúgbó amutábà. Bàbá tú nọ́ọ̀tì tó di dísítíríbútọ̀ mú. Nọ́ọ̀tì ò kúkú fẹ́ ojú, ọwọ́ ló fẹ́. Ìyá na iná táímì sí iwájú ẹ́ńjìnnì.

"Kó wá síwájú díẹ̀," ló ní. "Díẹ̀ sí i. Ó ń bọ̀... Ó ti dé."

Bàbá dẹtí. Ẹ́ńjìnnì ò wúkọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń kan kò-kò-kò nínú lọ́hùn-ún.

"Ṣó dá ẹ lójú?"

"Mo ń wò ó yìí. Ibi tó yẹ kó wà ló wà."

Bàbá fi àtàǹpàkò ti dísítíríbútọ̀ sẹ́yìn, bíńtín. Kíkàn náà dáwọ́ dúró, ohùn ẹ́ńjìnnì ń lọ geere.

"Ẹ̀hẹ́n! Ìsinsìnyí ló wá dé gan-an," ni Ìyá wí. "Ìlà funfun ọ̀hún ń wò mí kòrókòró."

Bàbá di nọ́ọ̀tì náà pa. Ọmọ náà tẹ iná mọ́ ọn, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ dáhùn láìkọ́sẹ̀. Ó pa á, ó jáde.

"Bàbá, iṣẹ́ yín dáa. Èmi gan-an ò lè ṣe é jù báyìí lọ."

"Ilé làbọ̀ sinmi oko, ọmọ mi," ni Bàbá wí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ sunkún. "Níbí la máa wà."

Ọmọ yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ̀yin lẹ rí ìlà náà?"

"Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i."

"Níbo ló dúró sí?"

"Níwájú nọ́ńbà mẹ́wàá gangan, bí bàbá ẹ ṣe máa ń fẹ́ ẹ."

Ọmọ náà rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ó lóṣòó níwájú wọn, ó di ọwọ́ àwọn méjèèjì mú.

"Ẹ má bínú," ló ní, "wíìlì tuntun ni mo fi sí i láàárọ̀ yìí, mi ò sì fa ìlà kankan sára rẹ̀."