Ekòló Tí Kì Í Gbélé

Àwọn ekòló Fadékẹ́ tún ti pòórá. Ó tú iyẹ̀pẹ̀ inú àwọn garawa ọ̀dà tó gbin àgbàdo sí, ó fọwọ́ wá a títí, kò rí ẹyọ kan. Ó bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé wọn ní Ìjókò, ó bú sẹ́kún.

Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ni, ní yunifásítì tuntun tí ìjọ kan dá sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Ekòló a máa jẹ ewé tó ti rà, ìgbẹ́ rẹ̀ a sì máa fi náítírójìn sínú ilẹ̀, oúnjẹ tó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀. Ìyẹn ni Fadékẹ́ fẹ́ fi hàn. Ó kó ekòló sínú àwọn garawa kan, kò kó o sínú àwọn yòókù. Bí gbogbo wọn bá rí bákan náà lọ́jọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ bá dé, kò ní í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ ti ń fi ìjáde náà yangàn káàkiri àdúgbò.

"Adìẹ ilé kejì ni," ni ìyá rẹ̀, Ẹfúnróyè, wí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Màámi, mo fi nẹ́ẹ̀tì bò ó!"

"Wọ́n gba abẹ́ ẹ̀ wọlé nìyẹn. O ò mọ adìẹ Ìjókò. Nu ojú ẹ jàre, mo ti pe Bọ̀dá Gbọ́ládé, wọ́n á kó òmíràn wá ní Sátidé."

Gbọ́ládé, ọmọ Ìkirè tí ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, ló ń tọ́jú òdòdó nínú ọgbà ìjọ ńlá kan. Gbogbo Sátidé ló ń gun ọ̀kadà láti Ṣàngó Tólgéètì, tí yóò gbé ike ekòló lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bó bá ti ṣí ike náà báyìí, Ẹfúnróyè á lọgun "Yéè!", á sá wọ yàrá, á ní ara òun kọ ohun tó ń yíra. Nígbà tó bá fi máa jáde, ó ti pààrọ̀ gèlè, ó ti kun àtíkè. Á wá gbé iyán síwájú àlejò.

"Ọbẹ̀ yìí ń ta sánsán! Níbo lẹ ti ń ra ata?"

"Ẹ̀yìn ilé ìdáná mi níbẹ̀ ni. Ẹ jẹun o jàre."

Àwọn méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín títí Fadékẹ́ á fi bínú dìde. Ta ló ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ayé ẹlòmíràn ń bàjẹ́?

Ọjọ́ náà pé. Dókítà Adérógbà, olùkọ́ rẹ̀, wo garawa kan, ó wo èkejì. Ewé gbogbo àgbàdo ló pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó mi orí.

Bí ọkùnrin náà ṣe ń lọ ló dúró lójijì lẹ́yìn ilé ìdáná. Ebè ata méjì ló wà níbẹ̀. Ewé ọ̀kan pọ́n bíi ti àgbàdo ọ̀hún, ìkejì tutù yọ̀yọ̀, ata so jìngbìnnì lórí rẹ̀.

"Ìyá Fadékẹ́, ọjọ́ kan náà lẹ gbin méjèèjì?" ni olùkọ́ náà béèrè.

"Ọjọ́ kan náà, irúgbìn kan náà. Omi lásán ni mo ń bu sí i," ni Ẹfúnróyè wí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Olùkọ́ náà fi igi gbẹ́ ìdí ata tó tutù. Ekòló tú jáde, wọ́n ń yíra gìdìgìdì.

"Fadékẹ́, iṣẹ́ ẹ rèé! Ọ̀rọ̀ ata ni kí o kọ, fi àgbàdo sílẹ̀!"

Fadékẹ́ fò sókè, ó pariwo, ó dì mọ́ igi ìbẹ́pẹ tó wà nítòsí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti béèrè bí ekòló ṣe dé ibẹ̀. Nígbà tó rántí, ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó rí i tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ èékánná rẹ̀ pamọ́ sínú ìró.

"Bí ekòló bá jókòó jẹ́ẹ́ sínú garawa," ni Ẹfúnróyè wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kí ni Gbọ́ládé mi á tún máa wá ṣe níbí ní Sátidé?"