Ìgò Tí Fádèyí Gbé Lọ sí Sakété

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má dúró ní ìdajì o. Torí òpin rẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́.

1.
Nígbà tí òmìnira Dàhòmè ṣì tuntun, ọkùnrin kan wà ní Ahoyéyé, lẹ́bàá Pobè. Fádèyí lorúkọ rẹ̀, adẹ́mu ni. Tó bá dá ẹmu tán, á fi ìyókù se sódàbì, ọtí líle tó ń jó ni lọ́nà ọ̀fun. Ẹni tó bá se ọtí náà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Fádèyí tọ́ ọ wò títí ìtọ́wò fi di ife, tí ife di ìgò. Síbẹ̀, kò yé gun ọ̀pẹ. Ìgbà kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lókè, ọpẹ́lọpẹ́ igbà tó so mọ́ra.

Eugénie ìyàwó rẹ̀ kò lè sùn mọ́. Lọ́jọ́ kan tó lọ tajà ní Sakété, ó sọ ọ́ fún Sàrátù aláṣọ tí wọ́n jọ ń jókòó lọ́jà.

Sàrátù ní: "Ọkọ tèmi náà mu ún rí, Alájì tó o mọ̀ yẹn! Àwọn tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ ń pàdé ní àgbàlá wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mùsùlùmí o, onígbàgbọ́ o, abọ̀rìṣà o, kò sẹ́ni tí wọn kì í gbà. Ní kó wá."

Eugénie délé, ó kúnlẹ̀. "Bàbá Bonaventure, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ bá wọn. Mi ò fẹ́ di opó."

Fádèyí ní òun á lọ. Tọkàntọkàn ló sì fi sọ ọ́, ẹ má rò pé ó ń tan ìyàwó rẹ̀ jẹ.

2.
Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Pobè. Ṣùgbọ́n ta ní í lọ bẹ àgbà lọ́wọ́ òfo? Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn: tí èèyàn bá ní ẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ àgbà, ọtí ló fi ń ṣíwájú ọ̀rọ̀. Ló bá wé ìgò sódàbì kan mọ́ aṣọ, èyí tó dára jù nínú gbogbo èyí tó sè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọtí ló gbé lọ sípàdé àwọn tó ń sá fún ọtí!

Ó bá wọn lórí ẹní, igbá omi tútù wà láàárín wọn. Séverin, tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, ló ń sọ̀rọ̀: "Ọtí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ wò mí, mi ò mu lónìí." Wọ́n kí i kú oríire.

Alájì Mọ́rúfù, ọkọ Sàrátù, wá yíjú sí àlejò. Fádèyí dọ̀bálẹ̀, ó tú aṣọ, ó gbé ìgò síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi. A kì í kí àgbà lọ́wọ́ òfo."

Gbogbo wọn wo ìgò náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Alájì gan-an rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ojú ti Fádèyí gan-an. Ó gbé ìgò rẹ̀, ó kọjú sọ́nà.

"Ọmọ mi, dúró! Dúró kí n sọ fún ọ!"

Alájì pè é títí. Kò bojú wẹ̀yìn.

3.
Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Pobè, ó ti ṣí ìgò náà. Kó tó rìn dé Ahoyéyé, ìgò ti gbẹ. Kò wọlé, ìdí ọ̀pẹ ló gbà lọ. Ó gùn ún, ó ní òun á fi han ayé pé ọkùnrin lòun.

Eugénie sáré jáde. "Ẹ sọ̀kalẹ̀ o! Ṣé ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn ṣá?"

"Mo débẹ̀! Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!"

Kò tíì sọ ọ́ tán tí igbà tí kò so dáadáa fi tú. Kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n egungun itan rẹ̀ fọ́, ẹsẹ̀ náà kò sì padà bọ̀ sípò. Fádèyí kò gun ọ̀pẹ mọ́ láyé.

4.
Nígbà tí Sàrátù gbọ́, ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Alájì àti Séverin wọ ọkọ̀ ojú irin wá, wọ́n jókòó ti ẹní tí Fádèyí dùbúlẹ̀ lé.

"Ṣé o mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà?" Alájì bi í.

"Òmùgọ̀ tó gbé ọtí wá ni."

"Rárá o. Lọ́jọ́ tí Séverin kọ́kọ́ wá, wáìnì òyìnbó ló gbé fún mi. Èmi náà, nígbà tí mò ń wá ẹni tó máa gbà mí, ìgò ló wà lábẹ́ agbádá mi. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi la máa ń dà wọ́n sí. Ara wa la rí lára rẹ, la ṣe rẹ́rìn-ín. Séverin yìí ti sún lórí ẹní kó o lè rí àyè jókòó."

Fádèyí sunkún. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"A pè ọ́, ọmọ mi."

Láti ìgbà náà, ọ̀pá ni Fádèyí ń tẹ̀ lọ sí Sakété, kì í sì í mutí mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí. Tí àlejò bá wọlé, tó ń fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ aṣọ, òun ló máa ń kọ́kọ́ sún fún un. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń gun ọ̀pẹ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọtí tàbí ìwà mìíràn ti dè mọ́lẹ̀, mo kìlọ̀ fún yín: ẹ má jẹ́ kí ìtìjú ìṣẹ́jú kan lé yín kúrò níbi tí ìwòsàn wà. Tí wọ́n bá pè yín, ẹ bojú wẹ̀yìn. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí.