Ọ̀rọ̀ Mẹ́fà Lójú Pátákó

Kò sí ìwé ìtàn tí tíṣà yìí kò ní sọ pé òun ti kà, ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pè é ní Mo-ti-kà-á. Ọgbọ́n kan ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Kí kíláàsì rẹ̀ tó ṣí ìwé tuntun, á kọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà láti inú rẹ̀ sójú pátákó, àwọn ọmọ á sì sọ bí wọ́n ṣe rò pé ìtàn náà máa lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń ka àwọn ìwé náà, òun náà ló ń ṣa ọ̀rọ̀ wọn jọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èyí lẹ́nu tíṣà rí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyàwó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà sórí bébà pélébé kan, ó nà án sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á kí ẹ tó jáde."

"Alábẹ̀wò ń bọ̀ lónìí, ìwọ ń sọ pé kí n fara balẹ̀!" Ó ti bébà náà bọ àpò. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá tẹ́ alábẹ̀wò lọ́rùn, òun ni yóò di igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Ó ti ra táì sílẹ̀ de oyè náà.

Alábẹ̀wò, ìyá àgbàlagbà kan, jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ìwé tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣí wà lórí tábìlì. Tíṣà wo bébà náà, ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sójú pátákó: àpótí, kọ́kọ́rọ́, sùúrù, ògo, aládùúgbò, takisí.

"Olè ló jí àpótí, sà," ni ọmọkùnrin kan wí.

Ọmọbìnrin kan dìde. "Rárá, sà. Ìyàwó kan ni. Òun ló ń ṣiṣẹ́, ọkọ ẹ̀ ló ń gba ògo. Sùúrù ẹ̀ ti tán. Ó di àpótí ẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò, takisí sì gbé e lọ."

Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Inú bí Mo-ti-kà-á.

"Jókòó, jàre! Ìyàwó wo lorí ẹ̀ pé tó máa fi ọkọ gidi sílẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ka ìwé yìí. Lójú ewé tó kẹ́yìn, ó padà wá, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ń bẹ ọkọ ẹ̀."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Inú tíṣà dùn, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó wá yíjú sí ẹ̀yìn kíláàsì láti gba oríyìn.

"Tíṣà," ni alábẹ̀wò wí jẹ́jẹ́, "èmi ni mo yan ìwé yẹn fún yín, apẹja méje ló wà nínú ẹ̀ lórí omi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí ìyàwó ẹnì kankan níbẹ̀."