Okùn Tí Bọ́látitó Kọ̀ Láti Dì Mú

Ẹ̀yin ọmọ mi, obìnrin kan wà ní Èkó tó ń jẹ́ Bọ́látitó. Ipò ńlá ló wà níbi iṣẹ́, ó sì mọ ìyá rẹ̀ tọ́jú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ó gbéra ga. Ẹni tó bá ti ń ṣiṣẹ́ agbára jẹun, kò kà á kún ènìyàn. Màdáàmù ló fẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Bí o bá ṣèèṣì pè é ní àǹtí, ìjà dé nìyẹn.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ pé àádọ́rin ọdún, ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí erékùṣù kékeré kan tí kò jìnnà sí Èkó. Ariwo ìlú kò dé ibẹ̀ rárá. Igi àgbọn ló wà níbẹ̀ àti iyanrìn funfun, afẹ́fẹ́ sì tutù. Inú Màmá dùn débi pé ó bọ́ bàtà, ó ń rìn lórí iyanrìn bí ọmọdé.

Nítòsí wọn, àwọn apẹja bíi ogún, lọ́kùnrin lóbìnrin, ń fi okùn fa àwọ̀n ńlá kan bọ̀ láti inú òkun. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá bá wọn nídìí okùn, ìbáà ṣe àlejò, á bá wọn fà á, á sì gba ìpín tirẹ̀ nínú ẹja. Olórí wọn, Bàbá Ọmọ́tẹ́hìnwá, juwọ́ sí wọn.

"Ẹ kú ìgbádùn o! Ẹ wá bá wa dì í mú. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí a ti ń fa òfo, àmọ́ tòní wúwo."

Màmá ti ń dìde lọ, Bọ́látitó fà á jókòó. "Ọjọ́ ìbí màmá mi lònìí, ẹ ń pè é síbi làálàá! Ṣé ẹgbẹ́ yín ni wá ni?"

"Ẹ má bínú, ọmọ mi," ni bàbá wí, ó sì padà sídìí okùn.

Ojú ti Màmá. "Bọ́látitó, ẹnu rẹ mú jù," ló sọ, ó sì dìde lọ sétí omi.

Ibẹ̀ ló ti tẹ ẹja pẹlẹbẹ kan tó fara pamọ́ sínú iyanrìn. Ẹ̀gún ìrù ẹja náà wọlé sí i lẹ́sẹ̀, ó sì figbe ta. Kí Bọ́látitó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ ti wú, òógùn ti bò ó, kò sì lè mí dáadáa mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn kíákíá. Àmọ́ omi ti fà sẹ́yìn, ọkọ̀ wọn ti jókòó sórí iyanrìn. Bọ́látitó àti ọkùnrin tó wà wọ́n wá tì í títí, kò mì.

Bọ́látitó wo àwọn apẹja. Ẹnu wo ni yóò fi bẹ̀ wọ́n? Àwọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gúnlẹ̀, ẹja ń ta nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá jọ̀wọ́ okùn lásìkò yẹn, gbogbo rẹ̀ ló máa lọ.

Bàbá kò dúró de ẹ̀bẹ̀. "Ẹ jù ú sílẹ̀!" ló kígbe.

Gbogbo wọn jọ̀wọ́ okùn, wọ́n sáré wá. Ìyàwó bàbá bu omi gbígbóná láti orí iná wọn sínú bàsíà, ó ki ẹsẹ̀ Màmá bọ̀ ọ́ kí oró náà lè rọlẹ̀, àwọn yòókù fi èjìká ti ọkọ̀ títí ó fi léfòó. Òkun fa àwọ̀n padà, ẹja sì bá tiwọn lọ.

"Bàbá, ẹja yín ń kọ́?" ni Bọ́látitó béèrè, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Òkun ò ní gbẹ kó tó dọ̀la," ni bàbá dáhùn. "Ìyá ni a kì í ní méjì. Ẹ máa lọ."

Dókítà ní ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n tètè dé. Nígbà tí ara Màmá yá, Bọ́látitó padà lọ bá àwọn apẹja ní erékùṣù náà, ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn níwájú gbogbo wọn, ó ń tọrọ àforíjì. Bàbá fà á dìde, àlàáfíà Màmá nìkan ló béèrè. Inúure yẹn dun Bọ́látitó ju èébú lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹnikẹ́ni nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, nítorí ẹ ò mọ ẹni tí Ọlọ́run yóò fi gbà yín sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Ẹni tó bá fi ìgbéraga bọ́ ọ sọnù, ní ìhòòhò ni yóò bá ara rẹ̀ lọ́jọ́ ìṣòro.