Ẹ̀rọ Omi Tó Gba Ipò Kìíní

Láràárọ̀ ni Ìyá Àríkẹ́, alámòójútó ẹ̀rọ omi abúlé Alágbède, máa ń tẹ àtàǹpàkò mọ́ ẹ̀rọ náà lára kí ó lè yẹ omi wò. Ẹ̀rọ á sì fọhùn bí oníwàásù: “Kò sí ìdọ̀tí kankan nínú omi yín.” Irọ́ kọ́. Ó di ọdún mẹ́ta tí ẹ̀kán omi kan ò ti jáde níbẹ̀.

Lónìí, ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ omi gbé àmì-ẹ̀yẹ wá: omi tó mọ́ jù lọ ní gbogbo ìpínlẹ̀! Ó tún kìlọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tó bá mu omi odò.

“A dúpẹ́, ọ̀gá. Oòrùn yìí mà pọ̀ o. Ẹ bu omi mu,” ni màmá wí, ó nawọ́ sí ẹ̀rọ.

Ọ̀gá wo ẹ̀rọ. Ó wo ìkòkò omi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn màmá. Ó gbé itọ́ mì, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀:

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu ti odò fún mi.”