'Ókéè' Tí Ọmọ́wùnmí Fi Dá Ọmọ Rẹ̀ Lóhùn

Ẹ̀yin ìyá bíi tèmi, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dìde lọ wo àwọn ọmọ mi lórí ẹní kí n tó kọ ọ́ tán.

1.

Ọ̀tà ni Ọmọ́wùnmí ń gbé, òun àti Silas ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin kan ní Ṣàngó, pẹ̀lú Tamílọ́rẹ, ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà. Aṣọ àwọn akọrin ìjọ ni Ọmọ́wùnmí ń rán. Nígbà náà, kò sí oṣù tí ìjọ tuntun kì í ṣí ládùúgbò, àwọn yunifásítì náà sì ń wá ẹni tí yóò rán gáùn fún àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Iṣẹ́ ń ya wọlé bí omi. Ọmọ́wùnmí kò kọ ìkankan.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ló fi ń dá gbogbo ayé lóhùn: ókéè. Oníbàárà ní òun fẹ́ gba ogún aṣọ ní Sátidé: ókéè. Ọkọ ní ebi ń pa òun: ókéè. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lórí máṣíìnì. Ẹ̀yin náà mọ irú ókéè yẹn. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Àmọ̀dá, àgbàlagbà ọmọ Ọ̀tà tí ilé rẹ̀ fara ti tiwọn, yọjú lójú fèrèsé.

"Ìyá Tamílọ́rẹ, pákó tí ẹ fi dé kànga yín ti jẹrà o. Ọmọdé ń bẹ nílé."

"Ókéè, Bàbá."

"Ókéè tọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Àbí ó ṣì ń wọkọ̀ bọ̀?"

Ọmọ́wùnmí rẹ́rìn-ín, ó ń ránṣọ lọ. Bẹ́ẹ̀, ìdérí onírin tí Silas ní kí wọ́n ṣe ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ Sírájúdéènì, wẹ́dà kan nítòsí Toll Gate Ṣàngó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wẹ́dà ti pe Ọmọ́wùnmí pé kó wá gbé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló ní ókéè.

2.

"Mọ́mì, ẹnìkan wà nínú kànga."

"Ókéè."

"Ó mọ orúkọ mi. Bí mo bá ní 'Tamílọ́rẹ', òun náà á ní 'Tamílọ́rẹ'."

"Ókéè."

"Mo sọ fún un pé ẹ ti gbọ́. Mo ní, Mọ́mì mi ní ókéè. Òun náà ní ókéè."

Lọ́jọ́ kejì, Silas fa omi, ó bá ègé aṣọ pupa mẹ́rin nínú garawa, irú aṣọ akọrin tí ìyàwó rẹ̀ ń rán. "Ọmọ́wùnmí! Ta ló ń ju aṣọ sínú kànga?"

"Ókéè, màá bá a wí."

Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Kò tilẹ̀ bi ọmọ léèrè ẹni tó ń fún láṣọ.

3.

Ó di Sátidé kan nínú ọyẹ́. Ìjọ kan fẹ́ ṣí ilé ìsìn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì ku aṣọ méje. Silas wà níbi iṣẹ́. Ọ̀sán gangan ni Tamílọ́rẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì, ó ti ń pè mí látàárọ̀. Ó ní kí n wá. Ṣé kí n lọ bá a?"

"Ókéè."

Ọmọ náà kò kúrò níbẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tí mo sọ?"

"Mo ní ókéè! Jẹ́ kí n ráyè, jàre."

Ó lọ.

Kò pẹ́, Ọmọ́wùnmí gbọ́ "Mọ́mì!" Ohùn náà jìnnà, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹnu sínú ìkòkò sọ̀rọ̀. "Ókéè, mò ń bọ̀!" ló fi dáhùn. Ó rán apá aṣọ kan tán. Ó tún gbọ́ ọ. "Ókéè!" Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò dún tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ókéè.

Òwú já. Máṣíìnì dúró. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé ilé ti dákẹ́ jù.

Bó ṣe sáré jáde, pákó ti dá sí méjì lẹ́nu kànga. Bàtà Tamílọ́rẹ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tò wọ́n bí ìgbà tí wọ́n bá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà onílé.

"Tamílọ́rẹ!"

"Tamílọ́rẹ!" ni kànga wí.

"Mò ń bọ̀!"

"Mò ń bọ̀!"

4.

Igbe Ọmọ́wùnmí ni Bàbá Àmọ̀dá gbọ́ tó fi gbé okùn wá. Òṣìṣẹ́ kan tó ń kọjá ló sọ̀kalẹ̀. Omi ti fà nítorí ọyẹ́, kò ju àyà ọmọ náà lọ. Wọ́n gbé e jáde láàyè, ègé aṣọ pupa lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá wa dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dìde.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kò sí ohun tó ṣe etí rẹ̀ tàbí ahọ́n rẹ̀. "Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́?" "Ókéè." "Ṣé wàá jẹ ìrẹsì ni àbí ẹ̀wà?" "Ókéè." "Ta lo rí níbẹ̀?" "Ókéè." Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ títí di òní. Kì í gbójú sókè bó bá ń sọ ọ́.

Ìdérí onírin ti wà lẹ́nu kànga báyìí. Ọmọ́wùnmí ti da aṣọ bo máṣíìnì rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, á kúnlẹ̀ síwájú ọmọ tó ń fi ègé aṣọ ṣeré nílẹ̀.

"Tamílọ́rẹ mi, ṣé o ti dárí jì mí?"

"Ókéè."

Ohùn ara rẹ̀ gan-an ló ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ náà. Kò sì mọ̀ bóyá ọmọ gbọ́ ohun tí òun bi í.

Ẹ̀yin òbí, ẹni tó bá ní ókéè ti ní òun gbọ́, òun sì gbà. Àwa ti sọ ọ́ di ìgbálẹ̀ tí a fi ń gbá ọmọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọmọ bá pè yín, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ ní kó tún un sọ. Bí àgbà bá kìlọ̀ nǹkan tó léwu, ẹ lọ tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibi tí ọmọ tiyín wà.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.